Ìyàwó Wa Ti Kó Lọ Sílé Bàbá Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́ ara mi lọ́rùn ná. Títí dòní, bí mo bá ti rántí bàbá òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó gbé agbádá ńlá wọ̀, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ ní Iwaraja, tó ń bẹ obìnrin orí ọ̀rá ìpékeré pé kó dákun kó padà wálé, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ má rò pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ojú mi báyìí ló ṣe.

Ìpékeré ni mo ń tà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n ni, a ó bó o, a ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó dín in nínú òróró títí tí yóò fi máa ró kàù lẹ́nu. Èmi àti ìyá mi la jọ ń ṣe é nílé mi ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Iwaraja, ìlú ìyá mi, ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń wá. Ìyá mi a gé e, èmi a dín in, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, n ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀, ẹnu rẹ̀ á máa wá nǹkan jẹ.

Nígbà yẹn, ọ̀rá wa funfun báláú ni. Kò sí orúkọ, kò sí àwòrán. Ẹ ò lè mọ ohun tí ojú mi rí. Bí iyọ̀ bá fi díẹ̀ pọ̀, wọ́n á ní, "Onípékeré, ṣé òkun lo da sínú ẹ̀ ni?" Bí mo bá pẹ́ dé, wọ́n á ti ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọn ò tilẹ̀ ní wo ojú mi. Ẹni tó bá sì rí ẹyọ kan tó jóná nínú odidi ọ̀rá á pè mí padà láti ẹnu géètì, á gbé ẹyọ kan yìí síwájú mi bí ẹni gbé ẹjọ́ wá sí kóòtù. Èmi náà kì í sì í gbẹ́nu dákẹ́, ẹ ti mọ̀ mí. A ó jọ fà á, inú mi á sì bàjẹ́ dé ilé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tẹ àwòrán sára ọ̀rá nígboro Òṣogbo ló là mí lójú. Ó yí ọ̀rá mi síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí, ọ̀rá yín ò lójú. Ẹ wá ojú kan fún un kí àwọn èèyàn lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀." Mo délé, mo ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ìyá mi, mo ní ojú ta ni kí n wá gbé sára ìpékeré báyìí? Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ, ó sì mú fọ́tò kan jáde. Ó ní, "Wò ó bóyá èyí á wúlò."

Fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Mi ò rí i rí láyé mi. Ọmọbìnrin kan tó wé gèlè gẹ̀gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó rẹ́rìn-ín títí èjí rẹ̀ fi hàn síta, tó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹni tó ń ya fọ́tò bí ẹni pé ó fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sí i. Òṣogbo ni wọ́n gbé e níyàwó wá láti Iwaraja, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Èmi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí òun àti bàbá mi jà, tó sì kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ìyá mi gbé àpótí rẹ̀ sí, kò sì tú u. Ẹ ṣá mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Bí ìyàwó bá fi ìbínú kúrò nílé, àwọn ará ilé ọkọ á wá bẹ̀ ẹ́. Àwọn òbí ìyàwó á kọ́kọ́ lejú, wọ́n á ní àwọn ò gbà, wọ́n á tún bẹ̀, ìyàwó á wá gbérí, á sì tẹ̀ lé wọn. Ó ń retí wọn. Wọn ò wá. Àpótí yẹn wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí èmi fi ń rìn, tí mo ń dì í mú dìde.

Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí, èmi náà ò sì bi í. Nígbà tí mo ní ilé tèmi, mo lọ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, ó bọ́ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó parí.

Ọ̀dọ́kùnrin wa ya fọ́tò náà sí ọ̀rá. Ó wá béèrè orúkọ tí ìpékeré yóò máa jẹ́. Mo ti ń ronú orúkọ òyìnbó kan tó máa dùn ún gbọ́, ìyá mi ti dá a lóhùn láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀: "Ìyàwó Wa." Mo ní, "Màámi, ìyàwó wa kẹ̀?" Ó ní, "Ṣé ó burú ni?" Kò burú. Mo tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, a tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àwòrán: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọkọ mi. Mo ti dín in, ó ku kí ẹ jẹ ẹ́." Ṣé ìyàwó ilé ló ń pe gbogbo ará ilé ọkọ ní ọkọ, àtọkùnrin àtobìnrin, títí kan ọmọ tó ń rákò.

Yéè! Ẹ wá wo Àbẹ̀rẹ̀!

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mú ọ̀rá kan, ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ìyàwó wa ti ń kí wa, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn ni?" Gbogbo ọ́fíìsì bá pariwo pé, "Kú iṣẹ́ o, ìyàwó!" Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá yìí ti di baálé. Obìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó bá ní òun ni ìyáálé, òun ló yẹ kí ìyàwó kọ́kọ́ máa kí láàárọ̀. Òótọ́ sì ni, bí mo bá gba ọ́fíìsì mìíràn kọjá kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kọ̀ kò ní rà á, á ní, "Sọ fún un pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Ara mi yá gágá. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ìyàwó kọ ọ̀rọ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì fóònù mi, níbi tí gbogbo oníbàárà mi ti lè kà á. Ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ó gbọ́dọ̀ fún wọn ní orúkọ àpọ́nlé, èmi náà sì ń pín in bí ẹni pín jẹ́lọ́ọ̀fù. Mo pe baálé ní Ọ̀gá Akọ̀wé. Mo pe ìyáálé ní Eyínfúnjowó. Dírẹ́bà kan tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìjà wá dé. Obìnrin méjì ń du Adúmáadán mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní gbangba, tí àwọn méjèèjì sì pupa fòò! Àfi ìgbà tí mo pe ọ̀kan ní Ìbàdíàrán kí ilé tó tòrò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi jù. Ẹnu tó ń pe iyọ̀ mi ní òkun tẹ́lẹ̀, bí iyọ̀ bá pọ̀ báyìí, á ní, "Ìyàwó ń ronú ilé bàbá rẹ̀ nígbà tó ń dín in, ẹ fi sílẹ̀." Bí ẹyọ kan bá jóná, wọ́n á ní ọmọ ló dí i lọ́wọ́ lẹ́nu iná. Ọmọ wo? Ọ̀rá ṣá ni! Nígbà kan tí òjò ba ọ̀nà jẹ́, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò wọlé, mo pa iṣẹ́ tì títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ìgbà tí mo padà dé, ìyáálé na ìgò oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí mi. Ó ní òun gbọ́ pé ara ìyàwó ò yá, kó máa fi nu ọ̀fun. Mo gbé e délé, mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìta. Ìyá mi sì ń wúkọ́ lóòótọ́. Ó gbà á, ó mu ún, ó ní, "Bá mi kí wọn o."

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa bi mí pé, "Kí ni àwọn ọkọ mi sọ lónìí?" Kò ní jẹ́ kí n bọ́ bàtà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ látòkè délẹ̀, kí n ṣe ohùn baálé, kí n yí ẹnu bíi ti ìyáálé, òun á sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀, á máa fọwọ́ lu itan. Bí mo bá fo ibì kan, á ní, "O ti gbójú fo nǹkan, padà sẹ́yìn." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni.

Ibẹ̀ ni ìwà bí òyìnbó gbé mú mi. Obìnrin kan tó ní ilé ìtajà ńlá nígboro, èyí tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà, ní òun fẹ́ máa ta ìpékeré wa. Ó ní ṣùgbọ́n kí n yọ ìyá onígèlè yìí kúrò, ó ti di ará àtijọ́, kí n fi òyìnbó kọ orúkọ, kí ọ̀rá dúdú, kó sì máa dán. Orí mi wú. Mo sáré lọ bá ọ̀dọ́kùnrin wa. Kò fẹ́ ṣe é, mo jágbe mọ́ ọn, ó ṣe é. Ọ̀rá náà dára, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ó ń kọ mànà. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni èmi tí mo ni ín ò lè pè já geere.

Mo gbé e délé, mo tò ó síwájú ìyá mi. Ó mú ọ̀kan, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tún wo inú.

Ó ní, "Èmi dà?"

Mo ní, "Màámi, wọ́n ní àwòrán yẹn ti pẹ́ jù ni."

Ó ní, "Wọ́n ti lé mi?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ló ń lé yín, Màámi? Ṣé ọ̀rá ni yín ni?" Ó gé gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nílẹ̀ tán, ó fọ ọ̀bẹ rẹ̀, ó nù ún gbẹ. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, ó ti wọ ọkọ̀ Iwaraja pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù, ó ti pa á.

Mo gbé ìpékeré inú ọ̀rá tuntun lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyá mi gé kó tó lọ ni, òróró wa náà ni, ọwọ́ mi náà ló dín in. Baálé jẹ ẹyọ kan, ó gbé ìyókù kalẹ̀. Ó ní, "Kò dùn." Mo ní, "Ọ̀kan náà ni, sà." Ó ní, "Ta ló dín in?" Ìyáálé fi ìka méjì gbé ọ̀rá náà sókè bí ẹni gbé òkú eku. "Ta nìyí? A ò mọ̀ ọ́n." Kó tó dọ̀sán, òkun ti padà sínú iyọ̀ mi. Ẹnì kan pè mí láti ẹnu géètì nítorí ẹyọ kan tó jóná. Ojú kan ṣoṣo ni mo yọ kúrò lára ọ̀rá, gbogbo ẹbí sì padà di oníbàárà. Ó ká mi lára débi pé mo bú wọn nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé. Ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí wọ́n sọ.

Mo lọ sí Iwaraja. Mo mú ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́rá dání, mo ní kó dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ṣèlérí pé a ó dá àwòrán padà, kí ilé ìtajà ńlá máa fẹ́ atẹ́gùn ara rẹ̀ lọ. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ìwọ kọ́ ló yẹ kó wá." Ó kọjú sí ọ̀dọ́kùnrin tó wà nílẹ̀: "Ìwọ náà kọ́. Dìde, ọmọ mi." Ó gúnyán fún wa. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ ẹ́ débi pé ó di ikùn mú wọ ọkọ̀. Mi ò rí ìdí ọ̀rọ̀ ìyá mi. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rò ó: ta ló wá yẹ kó wá? Ṣé gómìnà ni?

Nígbà tí mo padà dé Àbẹ̀rẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Ìyàwó dà? Níbo lo gbé e sí? Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀. Mo fa fóònù yọ, mo kọ ọ́ sí sítétọ́ọ̀sì: "Ìyàwó yín ti kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Iwaraja. Ẹ má bi mí mọ́." Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sì sọ. Mo rò pé ẹnu wọn á dákẹ́.

Háà! Fóònù mi ò sinmi. "Ta ló nà án?" "Mo ti sọ pé ìyáálé yẹn le jù!" "Ìwọ onípékeré, ìwọ àbúrò ọkọ, ìwọ lo máa ń yọ ọ́ lẹ́nu!" Ìyáálé fi ohùn ránṣẹ́, ó ń búra pé òun ò ṣe nǹkan kan fún un. Baálé ló pe ìpè tó gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ Sátidé la máa lọ bẹ̀ ẹ́. Kí o wá júwe ọ̀nà." Mo ní ẹ̀fẹ̀ ni. Mo dé ibi tó ní ká pàdé, bọ́ọ̀sì kékeré kan ti kún fọ́fọ́. Isu wà lórí rẹ̀, òróró wà lẹ́yìn, páálí ẹlẹ́rìndòdò wà lórí itan Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, agbádá baálé sì gba ìjókòó méjì.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ mọ̀ pé àwòrán ni?"

Ó ní, "A mọ̀. Ṣé àwòrán kì í bínú ni?"

Báyìí la ṣe lọ o. Wọ́n kọrin kọjá Iléṣà, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ àti ẹni tó máa sunkún. Ìyáálé gba ẹkún. Èmi ń rẹ́rìn-ín, àyà mi sì ń já, torí mo mọ ìyá mi. Bí inú bá ń bí i, èdè Ìjẹ̀ṣà kíkan ló fi ń lé èèyàn síta.

A dé ẹnu ọ̀nà, mo kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi yọjú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn rí pé òun ló wà lórí ọ̀rá. Baálé wò ó, ó wo ọ̀rá àtijọ́ tó mú dání, ó tún wò ó. Irun ti funfun, ojú ti hunjọ, ṣùgbọ́n ìyanu ya ẹnu ìyá mi sílẹ̀, èjí yẹn sì hàn kedere.

"Yéè!" ni baálé ké. "Ìyàwó wa rèé!"

Ó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ọkùnrin yòókù tẹ̀ lé e, agbádá àti iyẹ̀pẹ̀ dàpọ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Ìyáálé tó gba iṣẹ́ ẹkún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí omi gidi fi ń dà lójú rẹ̀. Baálé ní, "Ìyàwó wa, a ṣẹ̀ ọ́. A ò mọ̀ pé wọ́n ti lé ọ. Ilé tutù, ẹnu wa ò gba nǹkan mìíràn. Dákun, gbérí, ká máa lọ sílé."

Mo tẹ ẹ̀rín mọ́lẹ̀, mò ń dúró kí ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà, ó wọ yàrá lọ.

Mo tẹ̀ lé e. Iwájú dígí ló wà, ó ń wé gèlè. Ẹ̀gbẹ́ kan ló wé e gẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí.

Ó ní, "Ta ni wọ́n?"

Mo fẹ́ fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Àwọn ará ilé ọkọ yín ni, Màámi. Wọ́n wá bẹ̀ yín." Ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu mi tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ó fi etí gèlè nu ojú. Ó ní, "Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Jáde lọ bá wọn. Sọ fún wọn pé mo ní mi ò lọ."

"Màámi!"

"Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tún bẹ̀ mí. Mi ò tíì gbọ́ ọ tó."

Mo jáde, mo lejú, mo ní ìyàwó ní òun ò lọ. Gbogbo wọn tún dọ̀bálẹ̀, ohùn wọn sì ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi, tàbí ẹkún ni, mi ò mọ̀. Mo wọlé láti bá a di ẹrù rẹ̀. Kò sí ẹrù kankan láti dì. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ní ibi tó gbé e sí lọ́jọ́ tó dé. Kò tíì tú u.